Lẹ́yìn “Ó Dáa”: Bí A Ṣe Ń Fi Yorùbá Ṣàpèjúwe Iṣẹ́ Ọnà

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, oníbàárà kan gbé iṣẹ́ pósítà ìsìnkú bàbá rẹ̀ fún mi. Mo ṣe àkọ́kọ́, ó ní kò tíì dáa. Mo tún un ṣe, ó ní ó kù díẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó mirí, ó ní, “Àbúrò mi, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́, àmọ́ kì í ṣe èyí.” Òru mẹ́ta ni mo ti fi jókòó ti kọ̀ǹpútà nígbà yẹn. Màmá rẹ̀, opó olóògbé, ló kó wa yọ. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ wọn, wọ́n nà án jìnnà sójú bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe, wọ́n ní, “Pupa ẹ̀yìn yìí ló gbóná jù. Òkú àgbà nìyí, ẹ jẹ́ kó tutù. Orúkọ bàbá yín sì há sábẹ́ àwòrán yẹn, kò ráyè mí.” Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi parí ẹ̀.

Gbóná, tutù, há. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, gbogbo wọn ló sì sọ ibi tí mo máa fọwọ́ kàn fún mi. “Kò dáa” tí ọmọ wọn ń tẹnu mọ́ ò tọ́ka síbì kankan. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń dán gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá fẹ́ sọ nípa iṣẹ́ ọnà wò: ṣé mo lè fi ìka tọ́ ibi tó wà lára iṣẹ́ náà? Bí mi ò bá lè ṣe é, mo máa ń dá a padà sápò. Bí mo ṣe ń tò ó nìyí, yálà aṣọ ni, ère ni, tàbí pósítà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ béèrè ohun tí iṣẹ́ náà wà fún

Ẹ má tíì ya ẹnu. Ẹ wo iṣẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ wá béèrè pé kí ni wọ́n ṣe é fún, ta ló lò ó, níbo ló ń gbé. Gbogbo wa la máa ń sọ pé ìwà lẹwà, tí a sì máa ń fi bá ọmọge wí. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ọnà bíi Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abiodun ti ṣàlàyé pé ìwà inú ọ̀rọ̀ yẹn ju ìwà ọmọlúàbí lọ: bí nǹkan ṣe wà, ohun tó sọ ọ́ di ara rẹ̀, ìyẹn náà wà níbẹ̀.

Ẹ wo ère ìbejì àtijọ́. Ìyá tó pàdánù ọmọ á máa wẹ̀ ẹ́, á máa fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu, á máa fi osùn pa á lára, ọdún á máa gorí ọdún. Imú á jẹ, ojú á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wá dán bí òkúta inú odò. Ẹni tí kò béèrè á ní “Ó ti bàjẹ́.” Ẹni tó béèrè á ní “Ọwọ́ ti dán an,” tàbí “Ó rí ìtọ́jú.” Ère kan náà ni wọ́n jọ ń wò.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ìrísí, kí àwọ̀ tó dé

Ojú máa ń sáré bá àwọ̀, àmọ́ ẹ mú un dúró. Bí nǹkan ṣe ga sí, bó ṣe fẹ̀ sí, bó ṣe dúró, ìyẹn ló ṣáájú.

Láàárín ọdún 1960 sí 1970, òyìnbó ará Amẹ́ríkà kan, Robert Farris Thompson, rìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ó ń to ère síwájú àwọn àgbẹ̀, àwọn olóyè àti àwọn oníṣòwò, ó ń ní kí wọ́n sọ èyí tó dáa jù àti ìdí rẹ̀. Wọn ò wá ọ̀rọ̀ tì. Lára ohun tó gbọ́ lẹ́nu wọn ni jíjọra, ìfarahàn, gígún àti dídán. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí nítorí àwọn tó ń sọ pé Yorùbá ò ní ọ̀rọ̀ fún irú nǹkan báyìí.

Gígún ni kí ère dúró ṣánṣán, kó má wọ́ sápá kan. Bí apá ọ̀tún àti tòsì bá ṣe rẹ́gí, ó dọ́gba nìyẹn. Bí gbogbo ẹ̀ bá bára mu tí kò sí ibi tó ta ojú yín nù, ẹ lè sọ pé ó gún régé. Ẹ má fi gígún régé jẹ gbogbo iṣẹ́ o, ọ̀rọ̀ ńlá ni.

Jíjọra ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Orí ọ̀pọ̀ ère igi wa máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin gbogbo gíga ère náà, bẹ́ẹ̀ orí ènìyàn ò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tí kò mọ̀ á ní “Orí ti tóbi jù.” Agbẹ́gilére mọ ohun tó ń ṣe: orí ló ṣe pàtàkì, orí ló sì tóbi. Jíjọra tí àwọn àgbà yẹn ń wí wà láàárín méjì: kó jọ ènìyàn dáadáa, kó má sì jọ ẹnì kan bí ìmumu. Ìdí nìyí tí ère àgbàlagbà fi máa ń ní ojú ọ̀dọ́. Àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní Ifẹ̀ lọ́dún 1938 gba ọ̀nà míì. Àwọn yẹn jọ ènìyàn débi pé ó dà bíi kí wọ́n mí. Torí náà, ẹ má kàn sọ pé “ó jọ” tàbí “kò jọ”. Ẹ sọ bó ṣe jọ tó, àti ibi tó ti yà kúrò nínú jíjọ.

Fún ìrísí fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ohùn èdè bá yín ṣiṣẹ́, ibi tí Yorùbá dùn sí jù nìyí. Ohùn òkè máa ń mú nǹkan kéré, ohùn ìsàlẹ̀ máa ń mú un tóbi: ojú ìlẹ̀kẹ̀ rí róbótó, ikùn ìkòkò rí ròbòtò. Rógódó àti rògòdò náà ń bẹ. Bí ohùn òkè bá ṣíwájú, tí ìlọ́po ọ̀rọ̀ náà wá bọ́ sí ìsàlẹ̀, ìdàrúdàpọ̀ ti wọ̀ ọ́: wúruwùru, jágajàga, rúdurùdu, gbágungbàgun. Ẹni tí kò tiẹ̀ mọ ìtumọ̀ jágajàga rí á mọ̀ lórí ohùn nìkan pé wọn ò yin nǹkan náà. Nítorí náà, bí ìlà kan bá ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún tó sì wù yín bẹ́ẹ̀, ẹ ṣọ́ra. Kọ́lọkọ̀lọ máa ń gbé ìfura dání. “Ó ń lọ́ wẹ́rẹ́” sàn jù.

Àwọn yòókù kò le: gbọọrọ fún ohun tó gùn, pẹlẹbẹ fún ohun tó tẹ́, ṣóńṣó fún ẹnu tó mú, tẹ́ẹ́rẹ́ fún ohun tí kò nípọn, ràbàtà fún ohun tó kún ojú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ fọwọ́ kan ojú rẹ̀

Bí wọn ò bá gbà kí ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ fi ojú ṣe ọwọ́. Ó jọ̀lọ̀ ni, àbí ó le? Ó kúnná bí ẹ̀lùbọ́ tí a jọ̀, àbí ó rí págunpàgun? Ó dán gbinrin tí ìmọ́lẹ̀ ń yọ̀ lórí ẹ̀, àbí ó gbé ìmọ́lẹ̀ mì?

Nínú iṣẹ́ igi, ó wúlò kéèyàn mọ ibi tí àbùkù ti wọlé. Àwọn agbẹ́gilére ìhà Èkìtì, níbi tí Lamidi Fakeye ti lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ George Bándélé ní Ọyẹ́, máa ń pín iṣẹ́ sí mẹ́rin. Ọnà lílé ni wọ́n fi ń gé igi sí ìrísí ńláńlá. Alétúnlé ló ń ya orí sọ́tọ̀ kúrò lára ọrùn, tó ń ya apá kúrò lára ìhà. Dídán ló ń mú ojú igi jọ̀lọ̀. Fífín ló kẹ́yìn: irun, ilà, ìlẹ̀kẹ̀, àti gbogbo ohun tí ẹnu ọ̀bẹ ń yà. Ẹni tó mọ èyí kò ní dá fífín lẹ́bi nítorí ère tó wọ́. Wíwọ́ ti wà láti ìgbà ọnà lílé, kò sì sí ilà tí wọ́n lè fín tó máa tún un ṣe.

Fún èmi tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Àwọn oníbàárà máa ń ní kí n yí lẹ́tà padà, bẹ́ẹ̀ ohun tó wọ́ ni bí mo ṣe to gbogbo ojú ìwé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Àwọ̀

Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé àwọ̀ mẹ́ta péré ni Yorùbá mọ̀: funfun, pupa, dúdú. Ẹni tó bá ti ra aṣọ ẹbí rí kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ìdílé ni ẹ lè pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Osùn, epo àti ìyeyè ń gbé nílé pupa. Aró, ewé àti èédú ń gbé nílé dúdú. Ẹ kọ́kọ́ sọ ilé tó ti wá, kí ẹ tó wá sọ irú ọmọ tó jẹ́.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo máa ń gbà. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ìpọ́nlé: pupa yòò kì í ṣe ẹgbẹ́ pọ́n rúsúrúsú. Yòò ń tàn, rúsúrúsú dà bí ilẹ̀ tí òjò ò tíì pa. Funfun báláú wà, dúdú kirikiri wà. Èkejì ni àfiwé, kí ẹ sì mú un láti inú ohun tí òǹkàwé yín ti rí: dúdú bíi kóró iṣin, àwọ̀ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, àwọ̀ eérú àárọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ lo búlúù, wáìnì tàbí góòlù bí àwọn aláṣọ ṣe ń pè é lọ́jà, ẹ lò ó. Kò sí ẹni tó máa mú yín.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ìṣe, òun ni àwọn èèyàn sì máa ń gbàgbé jù. Àwọ̀ ń ṣe nǹkan. Àwọ̀ ń mu, ó ń ràn, ó ń ṣú, ó ń ṣá. Ọ̀dọ̀ àwọn aláró ni mo ti kọ́ èyí. Ẹ̀gbọ́n màmá mi, Ìyá Aláró là ń pè wọ́n, pa aṣọ láró n’Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí wọ́n bá fa aṣọ yọ nínú ìkòkò aró, á kọ́kọ́ ní àwọ̀ ewé díẹ̀. Afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, aró á sì jáde lójú yín bí ẹ ṣe ń wò ó. Wọ́n á na aṣọ náà sókè kí oòrùn gba inú ẹ̀ kọjá, wọ́n á ní “Kò tíì mu,” wọ́n á tún tì í bọ inú ìkòkò. Mi ò gbọ́ kí wọ́n sọ rí pé “kò tíì dúdú tó.” Lójú tiwọn, aṣọ ló ń mu aró bí ẹní mu omi.

Bí àwọ̀ méjì bá wà pa pọ̀, ẹ sọ ohun tí wọ́n ń fi ara wọn ṣe. Ṣé wọ́n bára mu? Ṣé ọ̀kan ń gbé èkejì yọ, àbí wọ́n ń bára jà? Pupa tó wà lẹ́yìn pósítà mi yẹn kì í ṣe pupa burúkú, kò kàn jẹ́ kí fọ́tò bàbá sinmi ni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bí wọ́n ṣe tò ó

Ìfarahàn ni ọ̀rọ̀ tó wúlò fún mi jù níbí. Kí ohun tó yẹ kó hàn hàn kedere, kí ìlà má ṣe rì sínú ara wọn. Ẹ wo ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ìlú Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́. Wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ ńlá ní Wembley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1924, ó sì wà ní British Museum títí di òní. Ọba jókòó lápá kan, òyìnbó aláṣẹ tí wọ́n gbé rù ń bọ̀ lápá kejì, èrò pọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Síbẹ̀ kò há. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ àwọn ènìyàn yẹn yọ síta débi pé òjìji ara wọn ń ṣú sẹ́yìn wọn, ìyẹn ló sì jẹ́ kí oníkálukú dá hàn. Bí ẹ bá fẹ́ ṣàpèjúwe rẹ̀, “ó kún, àmọ́ kò há” ti sọ ju “ó rẹwà gan-an” lọ fíìfíì.

Torí náà, ẹ mọ kíkún yàtọ̀ sí híhá. Ẹ sì mọ òfìfo yàtọ̀ sí àyè. Òfìfo ni ibi tí oníṣẹ́ gbàgbé. Àyè ni ibi tó mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ kí ojú lè sinmi.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ohun tí kò ṣeé fọwọ́ kàn

Ó tutù, ó fara balẹ̀, ó le lójú, ó ń dẹ́rùbani, ó tuni lára. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ló máa ń yá jù lẹ́nu, òun ló sì máa ń ṣòro jù láti fi ẹsẹ̀ ẹ̀ múlẹ̀. Ẹ má kọ̀wé pé “ère yìí tutù” kí ẹ wá lọ. Ẹ sọ ohun tó mú un tutù: ìpéǹpéjú tó wálẹ̀ díẹ̀, ẹnu tó pa dé, ọwọ́ méjèèjì tó sinmi lórí itan.

Bákan náà ni ti ẹni tó ṣe é. Bí iṣẹ́ bá mọ́ tónítóní, ọwọ́ ẹ̀ mọ́. Bó bá rí ohun tó máa gbẹ́ kó tó fọwọ́ kan igi, ó ní ojú inú. Bó bá mọ bí ọnà ṣe ń bá ọnà gbé, ó ní ojú ọnà. Bó bá ń gbọ́ràn sí igi lẹ́nu, tó ń gbọ́ràn sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, ìlutí nìyẹn. Ìlutí ṣọ̀wọ́n láàárín àwa oníkọ̀ǹpútà, mo sì ń ka ara mi mọ́ ọn.

Ìgbésẹ̀ keje: Bí ẹ ṣe máa sọ àbùkù

Ẹ kọ́kọ́ kí oníṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ohun tó dáa, kí ẹ tọ́ka sí i. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá fi àbùkù ṣe ìbéèrè: “Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọwọ́ yín mọ́, pàápàá níbi irun orí yìí. Mo ní kí n bi yín léèrè ni: etí òsì yìí, ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ gbé e sókè ju tọ̀tún lọ ni?” Bó bá jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ẹ máa kọ́ nǹkan. Bó bá jẹ́ àṣìṣe, ẹ ti sọ ọ́, ojú ò sì tì í. Bóun ló kéré sí yín lọ́jọ́ orí, ẹ ṣì lè bi í bẹ́ẹ̀, kò ní mú kí ọlá yín rẹlẹ̀.

Jákujàku, ìdàkudà àti játijàti, ẹ fi wọ́n sílé.

Ká gbé e ṣe: aṣọ kan láti orí dé ẹsẹ̀

Mo ní adìrẹ Ìbàdàndùn kan lọ́wọ́, láti ọwọ́ Ìyá Aláró. Irú aṣọ yìí ni wọ́n máa ń ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó sí, tí wọ́n á fi ṣíbí sáàárín wọn. Mápó yẹn ni wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1929. Adìrẹ ẹlẹ́kọ ni. (Ọ̀rọ̀ yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀: adìrẹ, a dì í a rẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ wọn kì í di ẹlẹ́kọ rárá. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, kí aró má bàa ráyè wọ ibẹ̀.)

Ohun tí mo kọ nígbà àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ gbé fọ́tò ẹ̀ síta nìyí: “Adìrẹ ojúlówó, ó rẹwà, ó jojú ní gbèsè.” Ẹ wò ó. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí ìka lè tọ́, ó lè jẹ́ bàtà ni mo ń tà.

Mo wá jókòó, mo tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ tí mo ti kà sílẹ̀ yìí, mo sì tún un kọ:

“Ìró adìrẹ ẹlẹ́kọ ni, Ìbàdàndùn. Òpó Mápó dúró ṣánṣán lórí ẹ̀, wọ́n fẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n sì tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ lókè. Ìyẹ́ ni wọ́n fi yà wọ́n, nítorí náà kò sí méjì tó jọra bí ìmumu. Ṣíbí gbọọrọ gbọọrọ wà láàárín wọn, wọ́n fún òpó láyè. Àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó yí wọn ká kún ojú aṣọ, àmọ́ wọn ò há. Ibi tí ẹ̀kọ bò kò funfun báláú, aró jò wọ ibẹ̀ díẹ̀, ó wá rí bí ojú ọ̀run àfẹ̀mọ́júmọ́. Ilẹ̀ aṣọ dúdú minimini. Tí ẹ bá yí i sẹ́yìn, ẹ ò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ọnà kankan, torí ojú kan ni wọ́n ya ẹ̀kọ sí. Aró nìkan ló wà níbẹ̀. Nígun ọ̀tún nísàlẹ̀, ọwọ́ mì, òpó kan sì wọ́ díẹ̀. Ó dùn mọ́ mi pé wọ́n fi í sílẹ̀.”

Mo kà á fún Ìyá Aláró lórí fóònù. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi kà á tán. Wọ́n ní òpó yẹn ò wọ́, èmi ni mi ò tẹ́ aṣọ dáadáa. Wọ́n ní kí n tún un kà láti ibi tí mo ti mẹ́nu ba ilẹ̀ aṣọ. Mo tún un kà.

“Dúdú minimini kọ́,” ni wọ́n wí. “Ó mu. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó mu.”